Ihò Tí A Rán Pa

Iṣẹ́ rírán ìjókòó mọ́tò ni bàbá mi ń ṣe, èmi ni mo sì ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì. Ọ̀gá Dídán ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n, nítorí tí wọ́n bá fi awọ bo ìjókòó tán, tí o bá fọwọ́ ra á láti òkè délẹ̀, ọwọ́ rẹ ò ní kan nǹkan kan. Bàbá ò fẹ́ kí ohunkóhun yọ síta. Orí irin tí èèyàn máa ń ki bẹ́líìtì bọ̀ níjòókòó ẹ̀yìn, wọ́n ní ńṣe ló ń yọ gọngọ bí eyín tó fẹ́ ká. Wọ́n á tì í wọ abẹ́ fóòmù, a ó sì rán awọ dí ojú ihò rẹ̀. Wọ́n ní ta ló tiẹ̀ ń so bẹ́líìtì lẹ́yìn. Èmi náà ti rán an dí nínú mọ́tò tí mi ò lè ka iye rẹ̀, mi ò sì béèrè nǹkan kan rí. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, èmi a máa gbọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wá gbé mọ́tò wọn, àwọn àti ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ìyá Àgbà là ń pe ọmọ náà, torí bó ṣe máa ń fọwọ́ sẹ́yìn tó bá ń rìn, bí ẹni tó wá yẹ ilé wò. Bàbá ti fi awọ pupa tuntun bo gbogbo inú mọ́tò náà. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ṣe fún wọn. Láti ọ̀dọ̀ wa, ilé àwọn òbí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń lọ, ìrìn wákàtí mẹ́ta lójú títì márosẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìjókòó ọmọdé kan dání, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì kúrò lára. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú wọn lójú ọ̀nà ṣàdédé dúró, òun náà tẹ bíréèkì, ọmọ sì fò kúrò lórí itan ìyá rẹ̀, ó fi iwájú orí gbá ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Kókó tó yọ ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dúdú. Ìdí tí wọ́n fi ra ìjókòó náà nìyẹn.

Ó gbé e sẹ́yìn, ó fa bẹ́líìtì gba inú rẹ̀, ó wá wá ibi tí yóò ki í bọ̀. Ó wá a títí. Ó ń fọwọ́ tẹ awọ káàkiri bí ẹni tí òrùka bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ ibi tó wà. Èmi ni mo rán an dí lọ́jọ́ Wẹ́sìdé.

Bàbá là á yé e pé àwọn gbé irin náà pa mọ́ kí iṣẹ́ lè dùn ún wò. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun yọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé irú awọ báyìí ló fẹ́ kí àwọn fi abẹ là, àti pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń de ọmọ èèyàn mọ́lẹ̀ bí ẹrù.

“Gbé e sórí itan,” wọ́n ní. “Bí ìyá rẹ ṣe gbé ọ nìyẹn. Ṣé o kú ni?”

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè bá bàbá ìyàwó ẹ̀ jiyàn. Ó ní kò burú, àwọn á rọra máa lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa bẹ́líìtì yọ kúrò nínú ìjókòó ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó wọlé sẹ́yìn, ó gbé ọmọ sórí itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì há a mọ́ra bí ẹni pé mọ́tò ti fẹ́ kọlu nǹkan nísinsìnyí.

Inú bí mi gan-an. Inú bí mi sí bàbá. Inú bí mi sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọmọ òun nìyí. Ọwọ́ mi ló sì bí mi nínú jù, ọwọ́ tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rán an tó sì dán.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo mú abẹ tí a fi ń gé awọ. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, bàbá rí mi.

“Tí abẹ yẹn bá kan iṣẹ́ mi, o ò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́.”

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi sún. Mo fi ìka wá ojú ibi tí mo rán, mo ki abẹ bọ̀ ọ́, mo fà á ya. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ fóòmù, mo wọ́ irin jáde. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo la iyẹn náà, mo sì la ti àárín. Kíákíá ni mo là á, torí náà ojú rẹ̀ kò gún rárá. Awọ rí játijàti bí aṣọ tí ajá fà ya.

“Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń so ó,” mo sọ fún bàbá. “Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ so ó? A ti rán an pa, èmi pẹ̀lú yín. Àwọn ọmọ mélòó ló wà lẹ́yìn mọ́tò tí a rán báyìí?”

Bàbá ń wo awọ náà.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi so ìjókòó ọmọ mọ́lẹ̀, ó fi gbogbo agbára mì ín wò, kò mì. Ìyá Àgbà fi igbe ta, kò fẹ́ kí wọ́n de òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ké tí wọ́n fi lọ. Igbe yẹn ò dùn mí.

Bàbá ní mo ti ba àwọn lórúkọ jẹ́ lójú àna àwọn, kí n kó ohun tó jẹ́ tèmi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì lọ. Awọ mọ́tò mìíràn wà lórí tábìlì, ti tíṣà kan tó ń fi mọ́tò kó àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ilà sí ojú ihò bẹ́líìtì mẹ́ta lára rẹ̀. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Mo tún un fà. Wọ́n tún un nù.

Lẹ́ẹ̀kẹta, abẹ ni mo fi fà á.