Òkúta Tó Léfòó

Dókítà náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni wọ́n fi nǹkan tútù pa níkùn kí ẹ̀rọ lè ríran wọ inú mi, èmi ni mo ní àpò òróòro tó kún fún òkúta, ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi ló ń wò. Ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó ní òkúta náà tó méje, ó ní èyí tó tóbi jù nínú wọn tó èékánná àtàǹpàkò, àti pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, kí wọ́n yọ òkúta tàpòtàpò. Ó wá mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó nà án sí mi, ó tún fà á padà kí ọwọ́ mi tó kàn án.

Ó ní, "Ta ló máa bá bàbá ka èyí?"

Nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń gé òkúta, tí mo sì ń fi irin kọ orúkọ sára òkúta ibojì, kò sì tíì sí òkú kan tó jí wá sọ fún mi pé mo ṣi orúkọ òun kọ. Mo dìde, mo nu ikùn mi, mo wọ ẹ̀wù mi. Mo sọ fún un pé màá lọ rò ó.

A kò tíì dé ẹnu géètì tí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ ò fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i."

"Kí wọ́n pa á rẹ́. Ọmọ àná yẹn ò ní fi ọ̀bẹ kàn mí."

"Ó ní ihò kéékèèké mẹ́rin péré ni àwọn máa lu sí yín níkùn, pé ọjọ́ kejì lẹ máa délé."

"Ìwọ ló sọ fún. Kò sọ fún mi."

Nígbà tí a délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi ń ká aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ọdún kọkànlá rèé tẹ́ ẹ ti ń bá àbúrò yín yodì nítorí àkàbà. Ṣé inú ara yín náà lẹ wá fẹ́ẹ́ bá yodì báyìí?"

"Àkàbà mi ni. Kò dá a padà."

"Àkàbà ti jẹrà."

"Kó dá jíjẹrà rẹ̀ padà."

Ó ká ṣòkòtò mi sí méjì, ó fi lé orí àwọn yòókù, ó ní ẹni tó bá ń bínú orí kì í fi fìlà dé ìbàdí. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí n má purọ́, ìrora náà kì í ṣe kékeré. Tí mo bá jẹ ohun tó lọ́ràá, kò ní pé wákàtí méjì, á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn yọ sí èjìká, bí ẹni pé ẹnì kan ki òòlù bọ̀ mí nínú tó sì ń yí i. Lẹ́ẹ̀kan, mo ju òkúta mábù ojú tábìlì tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin dán sílẹ̀, ó sì là sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ilé ìwòsàn lákọ̀ọ́kọ́.

Ní àgbàlá òkúta wa, ọkùnrin kan wà tó ń bá mi dán òkúta. Mo-ti-gbọ́ la máa ń pè é, nítorí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí kò ní ti gbọ́ ṣáájú yín. Ó bi mí pé kí ni ilé ìwòsàn wí. Mo sọ fún un.

"Òkúta inú òróòro? Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní in. Ọ̀gá, ẹ wò ó, wọn ò gé e níbì kankan."

"Kí ló wá lò?"

"Omi èso ápù nìkan fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, kẹ́ ẹ má fi ohunkóhun kan ẹnu láti àárọ̀. Tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ po òróró ólífì ife kan mọ́ omi ọsàn kíkan ife kan, kẹ́ ẹ dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fi ìhà ọ̀tún sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó máa ya òkúta bí ewúrẹ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ọ̀gá! Òkúta ti bá yín gbé níta títí, ó wá bá yín wọlé. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jù yín lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa àìsàn mi tí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi, tó sì jẹ́ pé ojú èmi gan-an ló ń wò.

Mo mu omi ápù. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbààwẹ̀, mo po òróró, mo dà á sọ́fun. Bí ìgbà tí èèyàn ń gbé gírísì mọ́tò mì ló rí. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wò mí títí ife fi gbẹ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ya wọ́n. Wọ́n rí róbótó, àwọ̀ wọn dà bí ewé, wọ́n ń dán. Mo fọ̀ wọ́n, mo kà wọ́n, mo kó wọn sínú ìgò, mo gbé e lọ bá ìyàwó mi ní yàrá ìdáná.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni mo wí.

Ó wo ìgò náà, ó wò mí. "Dókítà ní méje."

"Dókítà ò mọ òǹkà."

Ìrora kò sì padà wá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tí kò jẹ ju omi èso lọ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ni ìrora fẹ́ẹ́ fi dì mọ́? Ṣùgbọ́n n kò rò ó lọ́nà yẹn nígbà náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n dá, nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù pé wọ́n ń retí mi. Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ẹ́ sọ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé bàbá tí kò mọ̀wé ti wo ara rẹ̀ sàn."

Mo pa fóònù. Oúnjẹ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Mo gbé ìgò náà lọ síbi iṣẹ́, mo fi sórí pẹpẹ níbi tí òòrùn kì í dé. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni mò ń fi hàn. Mo-ti-gbọ́ a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ iye ife òróró bí ẹni pé òun ló mu ún.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin opó kan wá yan òkúta fún ibojì ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ń fara balẹ̀ rajà ni. Ó ní àwọn kan ti ta ayédèrú fún ẹ̀gbọ́n òun rí, tí òjò ọdún méjì jẹ gbogbo ojú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn fún un, pé òkúta kì í purọ́, ẹni tó ń tà á ló ń purọ́, nítorí náà a kì í gba òkúta láìdán an wò. Mo fi òòlù kan òkúta níwájú rẹ̀ kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo fi ìṣó họ ọ́, kò wọlé. Mo da omi sí i kó rí i pé kò mu ún. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó ti fẹ́ẹ́ máa lọ, mo fi ìgò mi hàn án, mo sọ ìtàn náà tán.

Ó tẹ orí bá ìgò náà dáadáa. "Ṣé ẹ ti fi ìṣó họ àwọn yìí náà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo dúró kí Mo-ti-gbọ́ jáde lọ ra omi. Mo mú ẹyọ kan, mo fi ìṣó kàn án. Ìṣó náà wọlé bí ẹni tó wọ inú ọṣẹ. Mo ju òmíràn sínú garawa omi. Ó léfòó. Mo tẹ̀ ẹ́ rì, ó tún gòkè wá wò mí. Mo kó mẹ́ta sórí òkúta dúdú tó wà lójú òòrùn, mo lọ mú ìgbálẹ̀. Kí n tó gbálẹ̀ tán, wọ́n ti yọ́. Òróró ni. Òróró tí mo mu ló dì nínú mi, òun náà ni mo gbà bí àlejò, tí mo fọ̀, tí mo kà.

Èmi tí mo ti lé ọmọ iṣẹ́ lọ rí nítorí pé ó gba òkúta láìdán an wò! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ọṣẹ sórí pẹpẹ tí mo ń pè é ní òkúta.

Mo da ìgò náà nù.

"Ọ̀gá, ìgò wa dà?"

"Ó fọ́."

"Áà! Òkúta inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní ó fọ́."

Ó yẹ kí n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lẹ́yìn ohun tí mo sọ lórí fóònù? Mo ní kí ìyàwó mi dín ẹyin fún mi bí ẹni tí ara rẹ̀ le, kó má bàa fura. Ẹyin yẹn ló jí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ìrora náà dé, kò lọ. Mo ń bá a lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, òtútù ń mú mi nínú òòrùn ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ lé orí bàsíà ìfọwọ́, tí n kò lè nà tán. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó lọ gbé báàgì rẹ̀. A forí lé ilé ìwòsàn.

Dókítà kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi ló wò.

"Bàbá, ọjọ́ mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àpò náà ti wú, ó ti gbóná, ó sì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó yí i ká. Ká ní mo wá lọ́jọ́ kìíní tàbí kejì ni, wọn ì bá ti yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ jù, ọ̀bẹ sì lè ṣi ibòmíràn gé. Wọn yóò fa oògùn sí mi lára kó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà a óò dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní òun kò tilẹ̀ lè ṣèlérí ihò mẹ́rin mọ́. Ó lè jẹ́ pé wọn yóò la inú gbọọrọ.

Mo ní, "Ẹ gé e báyìí. Mo ti gbà."

"Kò ṣeé ṣe, bàbá."

"Ṣé torí pé mi ò wá lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Ọjọ́ wo?"

Mo rán an létí. Mo tún ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà sọ fún un, bó ṣe fa ìwé padà, nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín, ibi tí kálukú dúró sí. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó sì mi orí.

"Mi ò rántí. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́. Ẹ má bínú, bàbá."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn kú àárọ̀, ó sì yíjú sí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ì bá sàn kó jiyàn. Ká jọ fà á, kí n ní ohun tí mo máa dì mú. Gbogbo ẹrù tí mo ti rù láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé èmi nìkan ló wà nídìí rẹ̀.

"Ó ní kí n má bínú," ni mo sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mò ń bínú."

Ó tún ìrọ̀rí mi ṣe. "Ẹ máa bínú lọ. Ẹ ṣáà má dìde."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wo omi oògùn, mo ní kó bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní wọn kì í dá ọjọ́ báyìí, ó di ìgbà tí ara mi bá rọlẹ̀ tí dókítà bá tún yẹ̀ mí wò. Mo ní kó ṣáà kọ ọ́, kódà kó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Ó ní àwọn tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún pọ̀ níwájú mi, ẹni tó bá sì pàdánù ọjọ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn ìlà ni yóò lọ tò sí.

Mo ní, "Ẹ̀yìn dà?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ sinmi," ó sì ti kẹ̀kẹ́ oògùn rẹ̀ lọ sí yàrá kejì.