Ògiri Ìta

Wallahi, mo fi orí ìyá mi búra, kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Ẹ sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí mai shayi máa po tíì ẹ̀ lọ.

Èmi Adéfẹ́mi ni mo ya Dókítà Matilda sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun àdúgbò wa ní Kano níbí. Mo yà á ga débi pé láti Hotoro ni wọ́n ti ń kí i: "Ẹ kú àárọ̀ mà!" Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Filọ́sọ́fì ló ń kọ́ wọn ní yunifásítì. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa rò, kó máa bèèrè. Ó wá bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, ṣé Ọlọ́run tó dá nǹkan oṣù mọ́ obìnrin náà ló tún ń tìtorí ẹ̀ lé e síta? Wọ́n gba sùtánà lára ẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ìdí ògiri níta, níbi táwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìwàásù títí tó fi kú.

Ó kú tán, òkìkí ẹ̀ dé òkè òkun. Ṣọ́ọ̀ṣì bá ní, "Màmá wa ni!"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú àwòrán mi, Tìmílẹ́yìn ọmọ ẹ̀ gbé fọ́tò ìyá ẹ̀ dání wá láti Zoo Road. Ó wo ògiri títí. Mo rò pé ó máa dì mọ́ mi.

"Iṣẹ́ yín dáa, bọ̀dá." Ó yíjú sí Bàbá Alàgbà, olórí ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé fọ́tò yìí wọlé lónìí. Kí ẹ sọ pé ẹ ti gbà á padà."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ọmọ mi, ìta ni gbogbo Kano ti máa rí i."

"Ìta náà lẹ fi í sí tẹ́lẹ̀, sà."

Bàbá kọjú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Agogo dún, gbogbo wọn wọlé. Tìmílẹ́yìn tẹ́ ìborùn ẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, ó jókòó, ó gbé fọ́tò lé itan.

Kai! Igba obìnrin ló dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n tú jáde wá jókòó tì í, funfun nẹ́nẹ́, títí dé Yankaba!

"Igba?" Ayọ̀túndé tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì gbé kọ́ọ̀pù tíì ẹ̀ kalẹ̀. "Ìyàwó mi wà níbẹ̀ o."

"Ó dáa, ogún."

"Fẹ́mi."

"Ìyá àgbà kan dìde. Mo fojú ara mi rí i lójú fèrèsé."

"Ó wá jáde?"

"Fèrèsé ló tì."

Mai shayi gan-an dáwọ́ dúró.

"Adéfẹ́mi," Ayọ̀túndé ní, "orí ìyá ẹ lo fi búra o. Dìde, máa lọ sílé ẹ."