Ìgò Awakọ̀

"Èèyàn mélòó ni, Anti Effie?"

"Ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀gbẹ́ni Cargill láti Dundee."

"Àti awakọ̀?"

Ìbéèrè yẹn gún Effie lọ́kàn lórí fóònù. Ishbel tó ń gbàlejò ní ilé ìpọntí Kilbranna kò ní in lọ́kàn láti dá a lóró. Bó ṣe máa ń bi gbogbo ẹni tó bá pè é nìyẹn: iye àlejò, àti awakọ̀. Ẹni tó ń wa àlejò kiri kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí, nítorí náà wọ́n á rọ wisikí tirẹ̀ sínú ìgò pínníṣín, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́ kó lọ mu ún nílé. Ìgò awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí Ishbel bá ti béèrè, èsì kan náà ni Effie máa ń fọ̀: "Lachie náà ni." Lónìí, ẹnu rẹ̀ ti là kó tó rántí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Anti Effie, ẹ má bínú," ni Ishbel wí. "Ẹnu mi ló yọ̀."

"Kò sí ìbínú níbẹ̀. Èmi ni mo máa wà á wá. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Eléyìí nìkan ló kù, màá jáwọ́ ńbẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ ta bọ́ọ̀sì yẹn?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Háà! Ṣé erékùṣù yìí náà lẹ tún ti ń béèrè ẹni tó sọ fún èèyàn?"

Ọmọ náà ò parọ́. Àná ni Effie bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, kò sọ fún ẹ̀dá mìíràn àfi ọkùnrin tó mú lẹ́tà wá, ẹyọ gbólóhùn kan sì ni. Bí èèyàn bá sín ní Port Ellen, kó tó nu imú tán ni wọ́n á ti máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ ní Port Askaig, lápá kejì erékùṣù. Islay ni wọ́n ń kọ orúkọ ibẹ̀ sára ìgò ọtí, ṣùgbọ́n Ìle ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é lédè abínibí wọn. Létí Yorùbá, àfi bí ẹni ń pe ilé.

Effie gbé fóònù kalẹ̀. Ìdí tábìlì yìí ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ń to ìbẹ̀wò àwọn tó ń wá láti òkè òkun wá tọ́ wisikí wò: ilé ìpọntí yìí láàárọ̀, tọ̀hún lọ́sàn-án, kí wọ́n jẹun láàárín kí ọtí má baà gbé wọn ṣubú. Lachie ọkọ rẹ̀ ló ń wà wọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni Lachie ṣe fún ètò náà. "Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, má fi nǹkan kan síbẹ̀," ni yóò wí. "Ti òkun ni." Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, kò sì jí mọ́.

Kirsty, ọmọ wọn, wà ní Glasgow. Kò sí àṣálẹ́ kan tí kì í pè.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àfi ògiri."

"Ògiri kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, ó sàn jù ẹ́ lọ."

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ṣubú nínú ilé yẹn ńkọ́? Ọkùnrin ará Oban yẹn ń bọ̀ ní Sátidé wá wo bọ́ọ̀sì. Ẹ tà á fún un, ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ ti gbà fún mi o."

"Mo ti gbà, Kirsty."

Ó ti gbà lóòótọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà? Ilé náà ti tóbi jù fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Cargill ni kò lè kọ̀. Ọdọọdún, bí oṣù karùn-ún bá ti dé, ni bàbá náà ń wá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ wá, gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́ rélùwéè pọ̀ ní Dundee. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó kọ̀wé pé àwọn jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, àwọn jẹ́ méjì. Effie kò béèrè rí. Ó kàn ń yí iye èèyàn padà, ó ń din bẹ́ẹ̀dì kù. Lọ́dún yìí, ẹnì kan ni bàbá náà kọ, ọwọ́ Effie kò sì gbé e láti kọ̀wé pé kó má wá.

Kó tó sùn lálẹ́ Ọjọ́rú, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè ibi ìfọwọ́, ó wo àwọn ìgò awakọ̀ tí Lachie kó síbẹ̀. Nígbà òtútù, tí kò sí àlejò, wọ́n á ṣí ẹyọ kan, wọ́n á pín in sí ife méjì, Lachie á wá máa sọ ìtàn ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ìgò náà. Á sín wọn jẹ: ará Jámánì tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ìyàwó tuntun tó ń da ọtí sínú òdòdó. Effie tó ń to ìbẹ̀wò kì í sábà rí àlejò sójú, ẹnu Lachie ló ti ń mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tó ti kú, kò tíì ṣí ìkankan. Ta ni yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún un? Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ jà láti ìdájí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù: ọkọ̀ kò ní lè wọ Port Ellen, Port Askaig ni yóò gbà. Ẹni tí kò mọ erékùṣù ìbá ti máa káwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ètò Effie kò yẹ̀, nítorí kò fi nǹkan kan sí àárọ̀. "Ti òkun ni," ló sọ sókè nínú kíṣìnnì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó tí Lachie máa ń gbé e kọ́ sí, ó bọ́ sínú bọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà tó la àbàtà kọjá gùn, ó sì dá páropáro. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá gbẹ láti fi dáná yan ọkà, tí èéfín rẹ̀ ń wọnú ọtí wọn. Àṣà kan wà lójú ọ̀nà erékùṣù yìí: ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ pàdé kí àwọn tó ń wà á má na ìka síra wọn lórí ọwọ́ ọkọ̀. Ẹni tí kò bá na ìka, àlejò ni, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń bínú. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹja kọjá, awakọ̀ rẹ̀ na ìka. Obìnrin oníwàrà kọjá, ó na ìka. Effie kò na tirẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ọkọ̀ mú gírígírí. Lójú tirẹ̀, bọ́ọ̀sì Lachie ni wọ́n rí, Lachie ni wọ́n ń kí, kí ló kàn án? Láti oṣù kìíní ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò sì bá a jà.

Nígbà tó dé èbúté, àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Cargill ló kẹ́yìn, fìlà rẹ̀ wọ̀ ọ́ dójú, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó gbé páálí kékeré mọ́ abíyá. Bó ṣe rí bọ́ọ̀sì lókèèrè, ó gbé ọ̀pá sókè.

"Lachie! Ọ̀lẹ! Jókòó síbẹ̀, má wá gba ẹrù lọ́wọ́ àgbàlagbà!"

Effie ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Effie?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fẹ́ yọ. "Ìyàwó Lachie! Ọkọ ẹ dà? Àbí ó ti dọ̀gá, tó ń rán ìyàwó níṣẹ́? Páì ẹran rẹ̀ nìyí o. Mo ní kí wọ́n fi ata sí i dáadáa, bó ṣe ń fẹ́."

Effie ti kọ̀wé sí bàbá yìí léraléra. Ó ti sọ àkókò ọkọ̀ fún un, ó ti sọ yàrá tí yóò sùn ní ilé àlejò, ó ti ní kó mú aṣọ òtútù dání. Kò sọ fún un pé Lachie ti kú. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan wà láyé tí kò tíì gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Lachie kú, kí Effie tó wọ bàtà ni àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà ló pe Kirsty. Òun fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹnikẹ́ni.

"Lachie ò lè wá," ló wí.

"Ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè ní ó rìnrìn àjò. Bàbá náà na páálí páì sí i, ó ń retí èsì.

"Lachie kú," ni Effie wí. "Ó kú. Lóṣù kìíní. Ó sùn, kò jí."

Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

Cargill kò mọ ibi tí yóò gbé páálí sí. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. "Àti Glasgow ni mo ti ń ro èébú tí màá bú u," ló wí. "Mo ro èébú títí, inú mi ń dùn." Ó ṣí fìlà. "Davie náà kú. Lẹ́yìn tí a padà sílé lọ́dún tó kọjá. Òun ló kù mí kù nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Mo rí i pé o kọ ẹnì kan. Mi ò béèrè."

"Kí lo fẹ́ béèrè? Èmi náà ò sọ."

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Wọ́n dúró nínú afẹ́fẹ́ títí èbúté fi dá, kí Effie tó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni àlejò máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, Cargill wọ iwájú, ó gbé páì lé itan. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ alágbẹ̀dẹ kan fi pàdé wọn. Ìka rẹ̀ gbéra. Effie wo iwájú.

"Ó kí ẹ," ni Cargill wí.

"Lachie ló kí. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n mọ̀."

"Lachie kẹ̀?" Bàbá náà yíjú sí i. "Ìwọ lo sọ fún mi níjọ́sí pé bí ológbò bá bímọ ní erékùṣù yìí, gbogbo yín lẹ máa mọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Lachie ti kú. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Ta ni wọ́n wá ń nàka kí, òkú?"

Effie tún di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí.

"Ìwọ ni wọ́n ń kí, Effie. Láti oṣù kìíní. O ò sì dá wọn lóhùn."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkò. Effie ro ti obìnrin oníwàrà, ó ro ti ẹlẹ́ja, gbogbo ìka tó ti kọjá lójú rẹ̀ nígbà òjò àti yìnyín, ojú sì tì í gan-an. Lórí àbàtà, ọkọ̀ lẹ́tà yọ lókèèrè. Bó ṣe súnmọ́ wọn, Effie na ìka kan sókè lórí ọwọ́ ọkọ̀ kí tọ̀hún tó na tirẹ̀. Ìyàlẹ́nu mú ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi tẹ fèrè ọkọ̀.

"Òun ni yóò ròyìn ẹ kiri báyìí," ni Cargill wí.

Ní Kilbranna, bàbá náà tọ́ ọtí wò, ó ní ti èṣí dára jù ú lọ, bó ṣe máa ń wí lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ishbel mú ìgò pínníṣín jáde lábẹ́ káńtà, ó na ọwọ́ tìkọ̀tìkọ̀.

"Ti awakọ̀," ló wí.

"Mú un wá," ni Effie wí.

Lẹ́yìn tó já Cargill sílẹ̀ ní ilé àlejò, ó wọlé, kò tíì bọ́ kóòtù tí fóònù fi dún.

"Màámi, wọ́n ní ẹ sunkún ní èbúté!"

"Glasgow náà ti gbọ́? Mo sunkún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kirsty, sọ fún ará Oban yẹn kó má wọkọ̀ ní Sátidé. Mi ò ta bọ́ọ̀sì mọ́."

"Màámi! Ta ló máa wà á?"

"Awakọ̀ wà."

"Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Bí mo bá ṣubú, kí n tó dìde ni wọ́n á ti gbọ́ ní Port Askaig. Ó dàárọ̀, ọmọ mi. Màá wá kí ẹ nígbà òtútù."

Ilé dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe máa ń dákẹ́. Effie mú ife méjì, ó wò wọ́n, ó fẹ́ dá ọ̀kan padà, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ṣí ìgò náà, ó pín in dọ́gba, ó sì jókòó kọjú sí àga Lachie. Ṣáájú ọjọ́ náà, Lachie ló ń mú ìgò wọlé, òun ló sì ń mú ìtàn bọ̀. Ó mu díẹ̀. Èéfín àbàtà ta á lọ́nà ọ̀fun.

"Lachie," ló wí, "gbọ́ ohun tí Cargill ṣe lónìí."