Ekòló Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Tí wọ́n bá bi Mùkáílà télọ̀ pé kí ló fẹ́ràn jù láyé, ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ dárúkọ Ọlọ́run àti ẹbí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á ti sáré lọ sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọ̀sẹ̀, fìlà àti jálámíà ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Kúta, n'Ìwó. Tí ọjọ́ Àìkú bá wá mọ́, á so ọ̀pá ìwọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà rẹ̀, òun àti Kareemah ọmọ rẹ̀ á sì kọrí sí odò Ọbà.

Kareemah nìkan ni ọmọ tí òun àti Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ bí. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń ká eyín ló ti ń bá bàbá rẹ̀ wa ekòló tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Wọn kì í wá a lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé wọn ni, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, tí Ràfíátù sì máa ń da èérí ògì sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀, ekòló sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Mùkáílà ló kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wa á: kéèyàn ṣí ewé gbígbẹ kúrò, kó fi ìka tú ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má sì fa ekòló tó bá ti ki ìdajì ara bọ ihò, torí pé á já sí méjì.

"Dì í mú, kó o ní sùúrù," ni bàbá máa ń wí. "Ó máa rẹ̀ ẹ́, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ẹ."

Ọmọ á di nǹkan náà mú, á gbé èémí sínú, kò ní mira títí ekòló á fi yọ jáde lódindi. Ìgbà náà ni àwọn méjèèjì á tó rẹ́rìn-ín.

Kareemah dàgbà, ó kàwé jáde, ó sì ríṣẹ́ olùkọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan nílùú. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú yẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Mùkáílà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọmọbìnrin wo ló ń dẹ odò. Á ní, "Irú tèmi ni." Inú rẹ̀ á sì máa dùn lọ fún odindi ọjọ́ náà.

Ìgbà tó yá ni Afeez dé, ó ní Kareemah lòun fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ilé-Ogbó ni, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe, òun ló ń gun òrùlé kiri láti so ó fún àwọn èèyàn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Tó bá rí Mùkáílà lókèèrè, á ti na gbalaja sílẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Èyí gan-an ló ń dun Mùkáílà. Ká ní ọmọ náà jẹ́ aláìgbọràn ni, kò ní ṣòro láti lé e jáde. Ràfíátù fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ẹbí fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Mùkáílà kírun tán, ó mú agolo ekòló rẹ̀, ó sì kọrí sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rín ló gbọ́. Ó yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri balùwẹ̀. Afeez ló rí tó ká ṣòkòtò sókè, tó kúnlẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kareemah bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Má fà á," ni Kareemah ń sọ. "Dì í mú, kó o ní sùúrù. Ó máa rẹ̀ ẹ́, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ẹ."

Nǹkan kan bu Mùkáílà jẹ láyà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà téèyàn rán aṣọ fún ara rẹ̀, tó wá rí i lọ́rùn ẹlòmíì lójú ọ̀nà.

"Áà, Bàbá!" Afeez ti rí i. Ó dọ̀bálẹ̀ tọwọ́tẹrẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Kareemah ní ẹ ò ní bínú tí mo bá tẹ̀ lé yín lónìí."

"Kí ni màá bínú sí?" ni Mùkáílà dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára agolo míì tí wọ́n ti wa ekòló kún láìdúró dè é.

Lódò lọ́jọ́ náà, ẹja epìyà kékeré kan péré ni Mùkáílà rí mú. Afeez tí kò di ọ̀pá ìwọ̀ mú rí ló fa àrọ̀ ńlá kan jáde, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí okùn bàtà. Kareemah fò sókè, ó pariwo, ó yọ fóònù, ó ya Afeez àti ẹja ní fọ́tò. Nígbà tí wọ́n délé, ó ń gbé fọ́tò náà han gbogbo ará àdúgbò. Mùkáílà jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń rántí gbogbo àrọ̀ tí òun ti mú látọjọ́ yìí. Ta ló ya èyíkéyìí nínú wọn ní fọ́tò?

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí Kareemah lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí Ràfíátù sì wà lọ́jà, Mùkáílà mú ṣọ́bìrì lọ sẹ́yìn balùwẹ̀. Ó wú ilẹ̀ náà láti ìdí ògiri dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń ṣa ekòló bí ẹni ń ṣa owó tó fọ́n ká, ńlá àti kékeré, ó sì ń dà wọ́n sínú ike ọ̀dà. Ó dé ike náà pa, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ padà, ó da ewé bò ó. Lọ́kàn rẹ̀, tí Afeez bá dé tí kò rí nǹkan kan, á gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà náà, òun á gbé ike jáde, òun àti ọmọ òun á sì lọ bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Afeez dé lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun àti Kareemah tú ilẹ̀ títí, wọn ò rí ju ekòló méjì tó rí wínníwínní lọ. Mùkáílà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ pákò.

"Má wulẹ̀ dààmú," ni Afeez wí. "Ẹ̀yìn ilé wa ní Ilé-Ogbó, níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ti ń ro láti ibi tí Màámi ti ń ṣe gàrí, àwọn ekòló ibẹ̀ kọjá sísọ. Jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Odò kan náà wà níwájú ibẹ̀."

Ojú Kareemah tàn. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ẹ máa lọ," ni Mùkáílà wí. "Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

Ó rò pé ọmọ náà á ní òun ò lọ mọ́. Kareemah wò ó, ó ní, "Ẹ sinmi dáadáa o," ó sì gun ẹ̀yìn ọ̀kadà Afeez. Mùkáílà ń gbọ́ dídún ọ̀kadà náà títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó lọ ṣí ike ọ̀dà, òórùn ló kọ́kọ́ kí i. Oòrùn àárọ̀ ti pa ike náà, kò sì sí ibi tí atẹ́gùn á gbà wọlé. Ekòló tó kún inú rẹ̀ ti kú, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra.

"Kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn?" Ràfíátù ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo inú ike, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo imú. "Bàbá Kareemah! Ọmọ tẹ́ ẹ bí lẹ wá ń jowú lé lórí?"

"Ta ló ń jowú?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ lọ sin ín kó tó rùn dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò."

Wọn ò tètè dé lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọ̀kadà tó bá ń kọjá ni Mùkáílà ń na ọrùn wò. Kò lè jẹun, kò lè sùn. Ó ń rí Kareemah lọ́kàn, níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé onílé, tí ìyá ẹlòmíì ń wò ó tí inú rẹ̀ ń dùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọmọ náà tó wọlé, ó gbé ọ̀rá kan lọ́wọ́. "Bàbá, Màámi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n bu ekòló yìí wá fún yín, kí tiwa lè tún bí sí i."

Ó ti ń pe ìyá Afeez ní Màámi. Kareemah gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹnì kan fi ṣọ́bìrì wú ibẹ̀."

"Bóyá ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ ò ní ṣọ́bìrì, Bàbá." Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le, omi sì ti kún ojú rẹ̀. "Tí ẹ ò bá fẹ́ Afeez, ẹ sọ fún mi."

"Mo fẹ́ ẹ. Mi ò rí ibi tó ti ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé?"

Mùkáílà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n sọ pé mò ń jowú ọmọ ọlọ́mọ? O kọ́ ọ lọ́rọ̀ tí mo kọ́ ẹ, Kareemah. O ò tiẹ̀ dúró dè mí. Mo wá ń rò ó pé tó o bá lọ tán, èmi nìkan ni màá máa jókòó sódò."

Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú. "Mi ò mọ̀ pé ó dùn yín tó báyìí. Mi ò ní sọ fún Afeez. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àtẹ̀yin nìkan la ó lọ."

Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n lọ lóòótọ́. Omi odò rọlẹ̀, ẹja sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n fóònù Kareemah ò yéé dún, tó bá sì wò ó, ẹ̀rín á yọ lẹ́nu rẹ̀, á tètè fi pamọ́. Owú náà tún gbérí láyà Mùkáílà, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ó wò ó pé tí ọmọ náà bá ń fi ẹ̀rín pamọ́ fún òun báyìí, kò ní pẹ́ tí á fi máa fi nǹkan míì pamọ́.

"Gbé fóònù yẹn wá," ló wí.

Kareemah gbé e fún un, ẹ̀rù ń bà á.

"Afeez, ibo lo wà? Ṣé o ti jẹun?" Mùkáílà gbọ́ ìdáhùn, ó mi orí. "Ó dáa, máa bọ̀. Àmọ́ wa ekòló tìẹ dání o. Mi ò ní fún ẹ ní tèmi."