Irin Tí Dúródọlá Gbé Kalẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò fi pe orúkọ àbúrò mi. Inú agbo ilé kan náà la ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, òun ní ilé iwájú, èmi ní ilé ẹ̀yìn, kànga kan la jọ ń pọn. Tí mo bá fẹ́ kó gbọ́ nǹkan, Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Tí òun náà bá ní èsì, á fi rán Glory, ọmọ mi.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí kò kéré. Ilé Ògún ni ilé wa. Tí bàbá bá kú nílé wa, àbíkẹ́yìn ọkùnrin ló ń gbé àdá rẹ̀ ṣáájú òkú dé ibojì. Nígbà tí Ògúnwùmí, bàbá wa, kú, Zamfara ni Dúródọlá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò sì wá. Èmi àkọ́bí ni mo gbé àdá, tí gbogbo ìlú ń wò mí. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó dé nínú aṣọ ọlọ́pàá dúdú rẹ̀, ó ní ọ̀gá òun kò fún òun láyè. Mo ní kó padà lọ fi ọ̀gá náà ṣe ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Ìyẹn ò ní kí n má bínú.

Ó ti kúrò ní Zamfara tipẹ́, lọ́dún tó kọjá ni wọ́n wá gbé e sí àgọ́ kan tí kò jìnnà sí wa. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ọlọ́pàá mọ́kànlá ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀nà tó gba inú igbó lọ sí Ìpáò. Àwọn ajínigbé pa méjì nínú wọn, ìjọba kó àwọn kan lọ síbòmíràn, ó ku márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ku mẹ́rin, nítorí Kọ́púrà Abdulazeez ṣubú nídìí káńtà níbi tó ti ń kọ̀wé, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn fún un. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni mo ti ń ṣọ́ Dúródọlá láti ẹ̀yìnkùlé mi. Á jáde lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di ọjọ́rú kó tó wọlé. Tó bá bọ́ bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò. Kì í kẹ̀yìn sí títì mọ́. Tí ọ̀kadà bá dún lókèèrè, á ti dìde dúró. Tinúọlá sọ fún ìyàwó mi pé ìjókòó ló ń sùn, tí ojú rẹ̀ sì máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí okùn, ẹ̀jẹ̀ imú wà láyà rẹ̀, àbàwọ́n ọ̀hún kò lọ bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tó.

Péjú, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá wa, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Dúródọlá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni wọ́n jókòó sí, mo sì ń bó àgbàdo lẹ́bàá ògiri. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Bọ̀dá Dúró, ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́ o. Igba lórí ọgọ́fà ni."

"Igba kẹ̀? Mi ò gba tó bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwé."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ní irú èyí kì í dúró, ńṣe ló ń dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa fi sinmi, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ sì máa lo oògùn yìí."

"Ta ló máa wá dúró lójú ọ̀nà? Ìwọ?"

"Tẹ́ ẹ bá kú, ta ló máa dúró níbẹ̀?"

Dúródọlá mú ìwé àìsàn tí Péjú kọ lọ bá Dípíò, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ wọn. Ọ̀gá náà kà á, ó ká a, ó dá a padà fún un. Ó ní, "Gbogbo wa là ń ṣàìsàn, Ìnsípẹ́kítọ̀. Oògùn mẹ́ta lèmi gan-an ń lò."

Ọjọ́ kejì ni Tinúọlá wá bá mi. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Glory, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gba irin lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nílé wa, tí irin bá ti fẹ́ pa ẹni tó ń lò ó, ì báà ṣe ọdẹ, ì báà ṣe àgbẹ̀, ì báà ṣe awakọ̀, àgbà ilé á pe orúkọ rẹ̀, á gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e kalẹ̀ lójú Ògún fún ọjọ́ méje. Títí ọjọ́ méje náà á fi pé, onítọ̀hún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin kankan, títí kan ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu. Jíjẹ àti sísùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú mi ni bàbá wa ṣe é fún ọdẹ kan tó ti ń bá igi sọ̀rọ̀, ara ọdẹ náà sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í rán ẹlòmíràn. Ẹnu àgbà ilé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pe orúkọ.

"Kó kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi," mo ní.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, Bàbá Glory. Kò ṣeé tẹ̀."

"Kó fi ẹsẹ̀ wíwú dọ̀bálẹ̀."

Ó dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá lórí ìyẹn. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Dúródọlá dé tòun ti ìbọn. Kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní àgọ́, torí pé wọ́n ti rán ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn lọ sójú ọ̀nà náà. Wọ́n ní kó mú un padà wá lọ́sàn-án. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan. Mo ń fa omi ní kànga. Ìyìnolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, gbé ìkòkò jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ni ìdérí bá já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì.

Mi ò rí ìgbà tí bàbá rẹ̀ dìde. Ẹnu ìbọn ni mo rí ní àyà ọmọ náà.

"Gbé ọwọ́ sókè! Mo ní gbé ọwọ́ sókè!"

Ọmọ náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sunkún. Ìtọ̀ ń ṣàn lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo wo ojú Dúródọlá, mo rí i pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń wò, igbó Ìpáò ló ń wò. Ìka rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kó wà.

"Dúródọlá!"

Èmi ni mo pariwo. Okùn kànga ti bọ́ lọ́wọ́ mi. "Dúródọlá ọmọ Ògúnwùmí! Gbé irin kalẹ̀!"

Ó yí padà, ìbọn sì bá a yí sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ẹnu ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé èmi lẹ pè?"

"Ìwọ ni. Mú un wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Uṣẹ́ yìí ti jẹ mí tán. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni."

Mo gbé ìbọn náà wọ yàrá Ògún, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdá bàbá wa, mo sọ ohun tó yẹ ní sísọ. Nígbà tí mo fi jáde, ó ti sùn lórí ẹní ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń hanrun. Tinúọlá jókòó tì í, ó ń fi páálí lé eṣinṣin. Mo lọ sídìí kànga mi. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe é tán. Ohun tí ọmọdé á kọ́kọ́ rò kò wá sí mi lọ́kàn, pé ìbọn náà kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán, mọ́tò ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìfẹ́dayọ̀, tí òun àti Dúródọlá jọ wà lójú ọ̀nà, ló bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Túndé awakọ̀ wọn. Ojú Ìfẹ́dayọ̀ pọ́n bí ata.

"Bàbá, ẹ kú ulé o. Dúró ọkọ ìyàwó wa dà? Láti àárọ̀ là ń pè é, kò gbé fóònù."

"Ó ń sùn."

"Oorun! Ta ló fún un láṣẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbọn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lójú Ògún. Ó di ọjọ́ méje."

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. "Bàbá, ẹ má ṣeré báyìí. Ìbọn ìjọba ni. Dípíò ti ní tí aago mẹ́rin bá lù, òun á tẹ olú ilé iṣẹ́ wa ní Adó láago pé ìbọn kan sọnù. Àtìmọ́lé ni Dúró á ti bá ara rẹ̀, wọ́n á sì lé e lẹ́nu iṣẹ́."

"Wọlé lọ gbé e nígbà náà."

Ìfẹ́dayọ̀ wo Túndé. Túndé wo màrìwò tó wà lókè ilẹ̀kùn yàrá Ògún.

"Ọ̀gá, ọmọ Ìrè, ìlú Ògún, ni ìyá mi. Ẹ lè fún mi ní ìwé kúẹ́rì. Mi ò wọbẹ̀."

"Ojo ni ẹ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láyà, ẹ wọlé ká rí i."

Kò wọlé. Èmi náà ro ọ̀rọ̀ náà, mo ní, "Màá gbé e lé ọ lọ́wọ́, Ìfẹ́dayọ̀. Ìwọ ni kó o gbé e lọ. Òun ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ́jísítà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé gba ìbọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé dá a padà. Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin."

Ohùn wa ti jí Dúródọlá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń wo wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n gbé e. Màá fọwọ́ sí i, màá padà wá sùn. Ká tún ọjọ́ méje náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"A kì í tún un kà."

"Ẹ má bínú sí mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ó yẹ kí n dùbúlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yẹn. Èmi tí mi ò yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi, mo yẹ̀ fún un, torí pé ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ohun tí mi ò gbọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó di òwúrọ̀ yẹn. Ó wọ yàrá Ògún láìwọ bàtà, ó gbé ìbọn náà jáde. Nígbà tó ń gun mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ibi tẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà mi tẹ̀ lé wọn. Wọn ò jẹ́ kí n wọ inú ọgbà àgọ́ náà, mo dúró lẹ́yìn wáyà. Láti ibẹ̀ mo rí Dúródọlá lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, nídìí káńtà, tó gbé ìbọn kalẹ̀, tó tẹ̀ lórí ìwé ńlá kan, tó fọwọ́ sí i. Mo mí. Mo ń retí kó jáde sọ́dọ̀ mi.

Ohùn Dípíò ni mo gbọ́. Kò pariwo. Bí ẹni tó rẹ̀ náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Láti àárọ̀ lo ti ń sùn. Kò sí ẹlòmíràn tó sùn níbí. Gbé e padà, máa lọ sí ọ̀nà Ìpáò."

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ mi..."

"Mo ti gbọ́. Tó o bá dé, a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Dúródọlá gbé ìbọn. Kò tilẹ̀ ráyè fọwọ́ síwèé, nítorí Túndé ti ń fọn fèrè mọ́tò. Ó jáde sínú oòrùn, ó rí mi lẹ́yìn wáyà. Ó la ẹnu láti bá mi sọ̀rọ̀, ohun tó jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu rẹ̀ wọ́ lọ sápá kan. Ó ṣubú lé ìbọn náà lórí.

Ìdó ni a gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ní iṣan kan ló já nínú ọpọlọ. Ó ní tó bá ti sinmi ṣáájú ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́. Ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, kò lè fèsì.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìfẹ́dayọ̀ wọlé wá. Ó gbé rẹ́jísítà náà dání, ó fi ọ̀rá wé e. Kò wo ojú mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ń bọ̀ láti Adó lọ́la wá yẹ ìbọn wò. Wọ́n ti gbọ́ pé ìbọn ló ṣubú lé, ìwé ò sì sọ pé ìbọn náà tún jáde rárá. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á lọ́jọ́ náà."

"Jáde kúrò níbí."

"Bàbá..."

"Mo ní jáde! Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Ìwọ náà, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi kọ ọ́?"

Tinúọlá di aṣọ mi mú. Mo wo ibi tó ń wò. Dúródọlá ti yí ojú sí ìwé náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora, ó na àwọn ìka rẹ̀, ó ń béèrè bírò.

"Fi í sílẹ̀," mo ní fún un. "Dúródọlá, fi í sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. Mo rí i pé bí mo bá bá a jà, màá pa á.

Mo gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ Ìfẹ́dayọ̀, mo ṣí i, mo fi apá mi gbé e lábẹ́ kó má baà yẹ̀. Ó tẹ bírò mọ́ ìwé. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, òógùn bò ó níwájú orí. Ohun tó kọ kò jọ orúkọ.

Ìfẹ́dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní ó tó, ó pa ìwé náà dé, ó sì fi ọ̀rá wé e padà.