Fáànù tí Àkànní Fi Ta Póókà

Ọ̀sán Sátidé kan ní Aduwawa, Àkànní akọ̀wé báńkì di káàdì márùn-ún mú. Mẹ́rin jẹ́ ọlọ́kàn pupa, ọ̀kan ni kò wúlò. Bó bá pààrọ̀ ìyẹn, tí ọlọ́kàn pupa mìíràn sì wọlé, ó borí Osagie, ará ilé kejì. Bí kò bá wọlé, ó parí nìyẹn.

Osagie ti fi rédíò rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ. Fáànù tí bàbá ìyàwó Àkànní fi ta tọkọtaya lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó ló kù tó lè fi lélẹ̀. Ó wo fáànù náà tó ń yí, tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń kọ̀.

"Fáànù ni tèmi," ló wí, ó sì mú káàdì tuntun láìtíì wò ó.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá ìyàwó ló ti Oǹdó dé. Ara Àkànní kò bi orí léèrè kó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ni káàdì bá fọ́n ká síwájú bàbá. Dúdú ni ìkarùn-ún.

Bàbá jókòó síwájú fáànù, ó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. "Ẹ kú ìtọ́jú fáànù mi."

Osagie, tó ti jẹ fáànù náà, tẹrí ba, ó rọra bi bàbá pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò.