Ọ̀gá Tó Wọ Ihò Irin

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Ìbíwùmí, àbúrò ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa irin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló lá a. Ọjọ́ tó lá àlá náà gan-an ló yẹ kó lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi irin tuntun tí òun ṣe tún afárá ìlú wa kọ́. Afárá yẹn ti wó, màmá rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò.

Ó rí ara rẹ̀ tó pọn ọ̀pá irin kan sẹ́yìn bí ọmọ, ó ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọ́fíìsì náà léfòó lórí odò, níbi tí afárá ti wó gan-an. Èyí kò ya Ìbíwùmí lẹ́nu. Ohun tó bí i nínú ni pé kò sí ibi tí èèyàn lè bọ́ bàtà sí.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Arógundádé, sanra débi pé òun nìkan ló kún yàrá. Ẹni tó bá sì fẹ́ dé òdìkejì odò, inú yàrá yẹn ló máa gbà.

"Kí ni irin yín lè ṣe?" ni ọ̀gá bi í.

Kí ó tó dáhùn, irin ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wọnú ẹ̀rọ kan tí ihò rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rọ fipá tì í, ó pariwo, ó yọ lápá kejì. Kò tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò gùn sí i.

"Màmá mi," ni irin wí, "inú mi ti rún wómúwómú."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tún wọnú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìbíwùmí wá yíjú sí ọ̀gá. "Hóró hóró ni inú irin, sà. Bí a bá ń fipá tì í gba igun ihò yìí, àwọn hóró ńlá á fọ́ sí kéékèèké. Bí wọ́n bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ààlà àárín wọn á ṣe pọ̀ tó. Ohun tó bá fẹ́ yọ̀ kọjá nínú irin náà, ààlà ni yóò máa kọlù. Ìdí tó fi ń le nìyẹn."

Ojú ọ̀gá tàn. "Wọ́n fẹ́ gbé mi kúrò ní ipò yìí. Ṣé ó lè mú èmi náà le?"

"Irin nìkan la tíì fi dán an wò, sà."

Ọ̀gá ti ṣí fìlà. Ó wọ ihò náà tòun ti ikùn rẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ ló ń tú jáde lápá kejì, gbogbo wọn wọ awò ojú ọ̀gá, òǹtẹ̀ so mọ́ ọrùn kálukú. Wọ́n kún yàrá fọ́fọ́, ara kan ara.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ni Ìbíwùmí wí. Ó gbé irin rẹ̀, ó fẹ́ kọjá.

"Ta ló rán yín?" ni ewúrẹ́ àkọ́kọ́ bi í. "Ẹ lọ gba òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkejì mi."

Ẹnìkejì ní òun kò lè tẹ̀ ẹ́ láìrí ti àkọ́kọ́. Kò tíì sí ọ́fíìsì tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Eṣinṣin kan fẹ́ fò kọjá, wọ́n ní kó lọ kọ̀wé wá.

Màmá rẹ̀ ń ké láti òdìkejì: "Ìbíwùmí, oúnjẹ ti ń tutù o!"

"Mò ń bọ̀, Màmá! Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo wà!"

"Ọ̀gá wo?"

"Gbogbo wọn!"

Ó wá rántí iṣẹ́ rẹ̀: bí ooru bá pọ̀ jù, àwọn hóró kéékèèké á tún dàpọ̀ di ńlá, irin á sì rọ̀. Ó dáná sáàárín yàrá. Àwọn ewúrẹ́ ń yáná, wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n ń wọnú ara wọn, títí wọ́n fi di ọ̀gá kan ṣoṣo, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ẹ kọjá, ẹ kọjá," ni ọ̀gá wí, ó ń tòògbé.

Ìbíwùmí na irin sórí odò, ó ń rìn lórí rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti dé àárín, ó ti ń rí ẹ̀rín lẹ́nu màmá rẹ̀, nígbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Màmá mi, ṣebí inú yàrá kan náà ni èmi àti ọ̀gá jọ yáná sí?"

Òtítọ́ ni. Omi dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó dé orúnkún. Màmá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. Ó ku díẹ̀ kí ìka wọn kan ara wọn, ló bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ó fẹ́ dìde, kò lè yíra. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kó wá sórí ibùsùn, ọ̀kan nínú wọn sì ti tọ̀. Ó sún sí ọ̀tún, ọmọ. Ó sún sí òsì, ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá," ló rọra wí.

Èyí tó kéré jù kò lajú rárá. "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.